Búrẹ́dì Ara Ògiri Ilé Boymat Mengliyev

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Etí Odò,
Oko Àjọni Ìràwọ̀ Òwúrọ̀,
Abúlé Kokbulok,
Agbègbè Surhan, Uzbekistan.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 1956.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àtúnyẹ̀wò Ẹjọ́,
Yàrá Kẹfà, Ilé Ìjọba,
Oktom.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ Ẹ̀RÍ TÍ MO JẸ́ LỌ́DÚN 1950 KÚRÒ NÍNÚ ẸJỌ́ BOYMAT MENGLIYEV, KÍ Ẹ SÌ BI Í NÍ ÌBÉÈRÈ KAN ṢOṢO

1. Èmi ni Norkul Esanov, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Kíláàsì keje ni mo kàwé dé. Ó di ọdún kọkàndínlógún tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n níbi tí oko wa ti ń gba òwú. Ẹnikẹ́ni kò rán mi ní lẹ́tà yìí, n kò sì gba akọ̀wé láti bá mi kọ ọ́. Ojú méjèèjì bébà ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé bébà ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àìbọ̀wọ̀.

2. Ní oṣù tó kọjá, ẹ fèsì sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí Oysuluv, ìyàwó Boymat, gba akọ̀wé láti bá òun kọ sí yín. Ẹ ní kò sí ìdí tuntun tí a ó fi tún gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ìdí méjì ni ẹ kọ. Àkọ́kọ́, ẹlẹ́rìí kan fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó jẹ́rìí sí, ó sì fọwọ́ sí i. Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ kò bá ọ̀rọ̀ tí ọkọ sọ mu. Oysuluv kò mọ̀wé. Èmi ni ó gbé lẹ́tà yín wá fún pé kí n kà á fún òun. Nígbà tí mo kà á dé ibi ẹlẹ́rìí, ó bi mí pé, “Norkul, ta ni ẹlẹ́rìí ọ̀hún?” Mo dá a lóhùn pé, “Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ síbí.” Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni ẹlẹ́rìí náà.

3. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ilé mi àti ilé Boymat. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, àbúrò ni ó sì máa ń pè mí. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń la omi sí oko. Bí a bá jókòó ní ilé tíì, á gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè, á ní, “Ẹ pe Norkul kó wá bá mi wọn tíì yìí kí n tó mu ún! Ọjọ́ tí ikú bá dé, àbúrò mi á ní kó kọ́kọ́ gun orí òṣùwọ̀n ná!” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọdún 1950 fi máa dé, kí ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu wa, a ó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

4. Ọmọ kan ṣoṣo ni Boymat àti Oysuluv bí. Hamdam ni orúkọ rẹ̀. Ó lọ sójú ogun ní oṣù kẹta ọdún 1942. Ní ọdún 1944 ìwé dé pé wọn kò mọ ibi tó wà. Ìwé náà kò sọ pé ó kú, kò sì sọ pé ó wà láàyè. Ẹ mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ojú ilé ẹni tó sá lọ bá ọ̀tá ni wọ́n fi ń wo ilé tó bá gbà á nígbà náà.

5. Kí Hamdam tó lọ, wọ́n ṣe fún un bí a ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá rẹ̀ yan búrẹ́dì ìrìn-àjò, ó tẹ òǹtẹ̀ ilé sí àárín rẹ̀, Hamdam bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi okùn so ìyókù kọ́ ara ògiri dè é kí ó padà wá jẹ ẹ́ tán. Láyé àwọn bàbá wa, àlejò tó bá wọlé tó rí i kì í jókòó kí ó tó béèrè pé, “Búrẹ́dì ta ni?” Wọ́n á dárúkọ ẹni náà, àlejò á sì dáhùn pé, “Á padà wá jẹ ẹ́.” Ẹni tí kò bá béèrè, ó bú ilé náà ni.

6. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, a jáwọ́ nínú ìbéèrè. Ẹni tó bá bi ọ́ pé ibo lò ń lọ lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń bá béèrè. Ẹni tí kò bá sì béèrè kò ní ní ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é. Mo kà á sí ọgbọ́n. Mo máa ń wọ ilé Boymat, màá kí wọn, màá yá abẹ́ tàbí iyọ̀, màá sì jáde láìwo ọ̀tún tàbí òsì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti sọ ojú mi di ojú tó ń ka nǹkan. Kò sí ohun tó wà lórí ògiri tí n kò mọ iye rẹ̀.

7. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1950, mo lọ dá abẹ́ wọn padà. Mo rí i pé búrẹ́dì ara ògiri ti yàtọ̀. Okùn àtijọ́ ni, ìṣó àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà kì í ṣe èyí tí mo ti ń rí láti ọdún mẹ́jọ. Mo ka àpá eyín tó wà létí rẹ̀. Méje ni. Àlàfo kan wà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Eyín Hamdam pé. Bàbá rẹ̀ ni kò ní eyín kan lókè, nítorí irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì katakata ló gbá a lẹ́nu lọ́dún 1938, ìṣojú mi ló sì ṣẹlẹ̀. Mo rí ohun kan sí i, èyí tí màá sọ ní ìpínrọ̀ kẹtàlá. N kò béèrè ohunkóhun. Mo kí wọn, mo lọ.

8. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ránṣẹ́ pè mí sí Oktom. Ó ti gbé fáìlì kan lé orí tábìlì kí n tó wọlé. Orúkọ bàbá ìyàwó mi ló wà lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ní ọdún 1931, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn àgbẹ̀ olówó, nítorí pé ó ní màlúù mọ́kànlá. Kò ṣí fáìlì náà. Ó kàn ń fi ìka lù ú bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

“O mọ ẹni yìí?”

Mo ní, “Bàbá ìyàwó mi ni, ọ̀gá.”

“A ò pè ọ́ nítorí tiẹ̀. Nítorí aládùúgbò rẹ ni. Àbúrò Boymat sọdá odò lọ sí Afganistani, àbí kò sọdá?”

“Ó ti pẹ́, ọ̀gá. Ó ti lé ní ogún ọdún.”

“Òun náà ńkọ́? Kò múra ìrìn-àjò kankan? Ìwọ tí wọ́n ní o máa ń ka ewé orí igi! Kí lo rí nílé rẹ̀?”

Ìka rẹ̀ kò kúrò lórí fáìlì náà. Mo sọ fún un pé búrẹ́dì ọmọ kò sí lára ògiri mọ́, pé òmíràn ló wà níbẹ̀, pé eyín bàbá ló wà lára rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́. Ó lé díẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá. Mo fọwọ́ sí i. Ó gbé fáìlì bàbá ìyàwó mi padà sínú àpótí. Èmi kò gbọdọ̀ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà pamọ́ fún yín: ara mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń rìn lọ sílé. Kìlómítà mẹ́tàdínlógún ni, n kò sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀.

9. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kan náà ni wọ́n wá yẹ ilé Boymat wò. Òfin ní kí aládùúgbò méjì wà níbẹ̀. Èmi jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, gbogbo abúlé rò pé ohun tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà kò ju kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà nawọ́ sí ara ògiri.

“Ta ló ni búrẹ́dì yìí?”

Boymat dáhùn pé, “Ọmọ mi ni.”

“Eyín ọmọ rẹ ló wà lára rẹ̀?”

“Búrẹ́dì ọmọ mi ni.”

Ó yíjú sí Oysuluv. “Ìwọ ńkọ́, Ìyá?”

Oysuluv ní, “Búrẹ́dì ọmọ wa ni. Kí lẹ fẹ́ fi búrẹ́dì ọmọ ọlọ́mọ ṣe?”

Ó mú búrẹ́dì tútù kan nínú agbọ̀n, ó ní kí Boymat bù ú jẹ. Boymat bù ú jẹ. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní kí n ka àpá eyín, kí n sì pè é sókè. Mo kà á. Méje àti méje. Àlàfo ìkẹrin àti ìkarùn-ún, àlàfo ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ní, “Ẹni tó lè purọ́ lórí búrẹ́dì, ohun tó ń fi pamọ́ tóbi.” Boymat kò wo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, kò sì wò mí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Nígbà náà, mo rò pé ẹ̀rù ìjìyà ló fi ń wò ó bẹ́ẹ̀.

10. Wọ́n kọ ìwọ̀n búrẹ́dì náà sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sára ògiri, nítorí pé eku wà ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Wọ́n mú Boymat lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1951, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wà láàyè ní òdìkejì odò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, àti pé òun náà ti bu búrẹ́dì ìrìn-àjò tirẹ̀ jẹ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Òní pé ọjọ́ ẹgbàá ó lé mọ́kànlá tí wọ́n ti mú un lọ.

11. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, òjò ba òrùlé amọ̀ Oysuluv jẹ́. Àyà ń dùn ún, kò lè gun àkàbà, nítorí náà mo lọ bá a rẹ́ ẹ. Omi ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri. Ó kígbe pé, “Norkul, gbé búrẹ́dì kúrò ná! Fi òrùlé sílẹ̀, búrẹ́dì ni kó o gbé!” Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. N kò mọ ohun tó gbé e dé ẹnu mi. Mo ní, “Ìyá Hamdam, búrẹ́dì ta ni?”

Ó ní, “Ó lé lọ́dún márùn-ún. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí.”

12. Ohun tó sọ fún mi nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1950, eku gé búrẹ́dì Hamdam jábọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Òun ló kọ́kọ́ rí èérún rẹ̀ lẹ́yìn àpótí ní òwúrọ̀, bó ṣe fẹ́ lọ sí oko òwú. Kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, nítorí pé Boymat kì í sùn láì kọ́kọ́ wo búrẹ́dì yẹn. Ó rò ó títí nínú oko. Nígbà tó padà délé, búrẹ́dì kan wà lára ògiri, wọ́n ti yan án le, wọ́n sì ti fi eérú pa á lára kó lè dà bí ti àtijọ́. Boymat jókòó, ó ń tún bàtà ṣe. Oysuluv ní, “Mo wo eyín ara rẹ̀. Ta ni kò mọ eyín ọkọ ara ẹ̀? Mo mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe ṣe é, kí n má bàa rò pé ọmọ ti kú. N kò sọ fún un pé mo mọ̀. Tí mo bá sọ, yóò di ẹrù méjì lọ́rùn rẹ̀.” Lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹ ilé wò, ọkọ purọ́ nítorí ìyàwó, ìyàwó purọ́ nítorí ọkọ. Ó ní òun rò pé wọn yóò dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ta ni wọ́n ń tì mọ́lé nítorí búrẹ́dì?

13. Mo ṣèlérí ohun kan ní ìpínrọ̀ keje. Lọ́jọ́ tí mo ka eyín, mo rí i pé àárín búrẹ́dì náà dán. Kò ní òǹtẹ̀. Ẹ bi obìnrin èyíkéyìí nílé yín: kò sí ìyá, kò sí ìyàwó, tí yóò yan búrẹ́dì ìrìn-àjò láìtẹ òǹtẹ̀ ilé sí i, ọkùnrin kì í sì í yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń kó òǹtẹ̀ pamọ́ sí ló yan èyí. Búrẹ́dì ìrìn-àjò kọ́. Mo mọ èyí ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Mo sì mọ̀ ọ́n níwájú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. N kò kọ ọ́ nítorí pé wọn kò bi mí, àti nítorí pé ìka rẹ̀ wà lórí fáìlì. Búrẹ́dì náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè rán ẹnikẹ́ni wá wò ó.

14. Kò sí ìlà kan nínú ẹ̀rí mi tó jẹ́ irọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ní ìdí òṣùwọ̀n, a kì í kọ ìwọ̀n òwú sílẹ̀ láìkọ́kọ́ yọ ìwọ̀n àpò tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé èyí, lílé là ń lé e. Ẹ̀rù ni àpò tí mo fi di ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Èmi kò yọ ọ́. Ilé ẹjọ́ náà kò yọ ọ́. Bí a bá yọ ọ́ lónìí, kò sí nǹkan kan tó kù lórí òṣùwọ̀n.

15. Lẹ́yìn tí lẹ́tà yín dé, mo jẹ́wọ́ fún Hosiyat, ìyàwó mi. Láti ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń gbé ọbẹ̀ fún Oysuluv lórí ògiri àárín wa. Ó ní, “O jókòó, o ń wò mí pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé o ń ka ìyẹn náà?” Kò tíì bá mi jẹun pọ̀ láti ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Oysuluv, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó bu tíì fún mi, ó bù ú kún dé etí kọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ pé ìdajì là ń bù fún àlejò tí a fẹ́ kó pẹ́. Mo dìde. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Lọ kọ ọ́ bí o ṣe kọ ti àkọ́kọ́. Má gbàgbé eyín kankan.”

16. Nítorí náà, mo fa ẹ̀rí ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá, ọdún 1950 padà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ náà, kí ẹ sì fi lẹ́tà yìí rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé òfin lè mú mi. Bí ẹ bá pè mí, màá fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ kò nílò láti rán ọkọ̀.

17. Ní ti ìdí kejì yín, pé ọ̀rọ̀ ọkọ kò bá ọ̀rọ̀ eku tí ìyàwó sọ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ tún bi Boymat ní àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́dún tó kọjá, àti pé ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ náà ló tún sọ: búrẹ́dì ọmọ òun ni. Ẹ kà á sí agídí. Kì í ṣe agídí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ó ṣì ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó rò pé bí òun bá sọ òótọ́, òótọ́ náà yóò dé Kokbulok, yóò sì pa ìyàwó òun. Ẹ̀bẹ̀ mi tó ga jù nìyí: kí ẹ rán ẹnì kan sí i kí ó sọ fún un pé Oysuluv mọ̀. Pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Pé òun ló kọ́kọ́ rí èérún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún bi í ní ìbéèrè tí èmi ì bá ti bi í kí n tó jáde nílé rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu dídì: búrẹ́dì ta ni? Ẹ ó gbọ́ ìdáhùn tó bá ti ìyàwó rẹ̀ mu.

18. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Nọ́ọ̀sì abúlé wa ní àyà Oysuluv kò ní lè fara da òtútù ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo rẹ́ òrùlé tán ní oṣù kẹta, mo bi í bóyá kí n gbé búrẹ́dì náà pamọ́ síbi tó gbẹ, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe ti Hamdam. Ó ní kí n so ó padà síbi tó wà. Ó ní kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nígbà tí Boymat gbé e kọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ wà lára rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn ní tòótọ́ nísinsìnyí. Mo so ó padà. Mo sì sọ ohun tó yẹ kí àlejò sọ, ọdún márùn-ún lẹ́yìn àkókò rẹ̀: á padà wá jẹ ẹ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni ẹlẹ́rìí tí ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀,

Norkul Esanov,
Akọ̀wé Ìdí Òṣùwọ̀n,
Oko Àjọni Ìràwọ̀ Òwúrọ̀.